Nítorí Ilà Tó Parẹ́ Lójú Ìyá Rẹ

Ilé Fótò Ayọ̀rìndé,
Ọ̀nà Ọjà, Ìlorà,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijio,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1999.

Amos ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì kí ọ kú alẹ́, nítorí n kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìwé yìí yóò bá lọ́dọ̀ rẹ ní Amẹ́ríkà. Mo lérò pé ara rẹ le, pé òtútù ọdún yìí kò tíì bá ọ fà á, àti pé ò ń jẹun bó ṣe yẹ kí ọkùnrin máa jẹun. Àwa níbí wà láàyè. Gbogbo wa ni mo wí, Amos. Ìyá rẹ wà láàyè. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n sì ń bú mi díẹ̀díẹ̀ pé n kò tètè kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Tùmí, àbígbẹ̀yìn mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó ká a sínú báàgì rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò wálé lọ́jọ́ tí kì í wálé. Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí tí àyà mi fi já. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Obìnrin inú àwòrán yẹn kì í ṣe ìyá mi. Ìyá mi kọlà. Ẹ ti sin wọ́n, ẹ wá ń fi arúgbó mìíràn tàn mí, bí ẹ ti ṣe nígbà tí bàbá mi kú. Mo ti gba àyè nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ń bọ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo rántí lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà, níbi tí o ti ṣàlàyé fún wa pé inú oṣù kejìlá ni ìjọba ibẹ̀ yóò pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ. O ní lọ́yà rẹ ti kìlọ̀ pé bí o bá fi ẹsẹ̀ kan jáde kúrò nílùú kí wọ́n tó pè ọ́, wọn kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ kejì padà wọlé. Ọdún mọ́kànlá tí o fi fara da ohun tí ojú rẹ rí yóò sì di omi tí a dà sórí yanrìn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé yìí láti òwúrọ̀ òní, tí mo ti ìsọ̀ pa sí ojú àwọn tó fẹ́ ya fótò ìgbéyàwó. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì ní bo ìkankan, títí kan èyí tí yóò dójú ti èmi fúnra mi.

Josephine, ọmọ Jóbẹ̀lé tí ẹ jọ wà lọ́hùn-ún, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé òun ló ṣe ojú-ewé àwọn ọmọ Afijio sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù karùn-ún, ó kọ̀wé wá pé àwọn tó wà lókè òkun fẹ́ máa rí àwọn àgbà wọn tó wà nílé, pé òun yóò ya apá kan sọ́tọ̀ tí òun yóò pè ní "Àwọn Ìyá Wa", kí a wá oníṣẹ́ fótò tó mọ iṣẹ́ dáadáa. Mo rò pé n kò ní láti sọ ẹni tí wọ́n mú fún ọ. Láti ọdún 1961 ni mo ti ń yàwòrán nílùú yìí. Bí ènìyàn kan bá wà ní Ìlorà tí ó ti tó ọmọ ogún ọdún tí n kò yà rí, á jẹ́ pé ó ń sá fún mi ni.

Mo gbé alùpùpù mi, mo de aṣọ ẹ̀yìn fótò mi mọ́ ọn lẹ́yìn, mo sì rin Akínmọ̀rín, Ìmíní, Jóbẹ̀lé àti Fìdítì já. Ìyá àgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo yà. O rántí aṣọ ẹ̀yìn fótò yẹn. Òun náà ni èyí tó ní àwòrán àtẹ̀gùn, ìkòkò òdòdó, àti ọkọ̀ òfuurufú kan lápá òsì lókè, tí o máa ń bi mí nígbà tí o wà ní kékeré pé ìgbà wo ló máa balẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni mo gbé gbogbo wọn jókòó sí, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ hàn. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé a kì í gé ẹsẹ̀ àgbàlagbà kúrò nínú fótò, nítorí ẹni tí a bá gé lẹ́sẹ̀, bí ẹni pé a ní kó má rìn mọ́ ni. Ìyá rẹ ni mo yà kẹ́yìn, nínú aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìyàwó.

Tùmí fi ẹ̀rọ da àwọn fótò náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àròyé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn ọmọ Afijio ní àwọn kò rí ìyá kankan, pé ojú-ewé náà wúwo bí ọlọ. Ọkùnrin kan kọ̀wé pé òun tẹ̀ ẹ́, òun lọ se ìrẹsì, òun jẹ ẹ́ tán, nígbà tí òun fi padà dé, gèlè ìyá òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, iwájú orí kò tíì dé. Inú fóònù ilé ni kálukú ti ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì jáde, okùn fóònù sì tín-ínrín. Josephine bá kọ̀wé pé fótò kọ̀ọ̀kan ti lé ní irinwó kílóbáìtì, pé òun kò fẹ́ kí ìkankan nínú wọn ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò yọ gbogbo wọn kúrò.

N kò mọ ohun tí ń jẹ́ kílóbáìtì. Mo rò pé bí kílò tí wọ́n fi ń wọn ẹran ni. Tùmí ló là mí lóye, ó sì ní sùúrù fún mi ju bí mo ti ní fún un nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní fótò. Ó ní òun ni wọ́n fi ń wọn bí àwòrán ṣe wúwo tó nínú kọ̀ǹpútà, pé kọ̀ǹpútà kì í gbé àwòrán bí àwa ti ń gbé e. Ó ní tóótòòtó ló ń kà á, bí ẹni ń ka ẹ̀gúsí. Níbi tí àwọ̀ bá ti jọra wọn, bí ògiri funfun, yóò kàn sọ pé "bákan náà ni láti ibí dé ọ̀hún", ọ̀rọ̀ sì tán. Ṣùgbọ́n níbi tí òdòdó, àtẹ̀gùn àti oríṣiríṣi bá ti wà, dandan ni kó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí a bá wá pàṣẹ fún un pé kó fún àwòrán pọ̀ kó lè kéré, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tó rò pé ojú ènìyàn kò ní wá ni yóò kọ́kọ́ sọ nù. Mo ní ó dára, kó fún un pọ̀.

Gbọ́ ohun tí mo ṣe, Amos, kí o lè mọ ẹni tí o máa bínú sí. Tùmí fún wọn pọ̀ lójú mi, ó ní kí n wò ó bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti gbàgbé awò ojú mi sílé, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo tẹjú mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà, mo rí arúgbó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ara wọn ń dán bí ọmọge, mo ní, "Ó ṣe wẹ́kú." Inú mi tilẹ̀ dùn pé wọ́n dà bí ọmọdé. Ìwọ mọ̀ pé láyé àtijọ́, pẹ́ńsùlù ni a fi ń ṣe é: ẹni tó bá ní rorẹ́ tàbí àpá, a ó rọra fi pẹ́ńsùlù tẹ́ẹ́rẹ́ kun orí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti ń tẹ fótò jáde, yóò sì jọ̀lọ̀. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi ni.

Wọ́n kí wa káàkiri. Josephine ní ojú-ewé náà ti yára, pé kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo ìyá ti jókòó. Orí mi wú. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Fìdítì, títí tí ọ̀rọ̀ mi fi sú àwọn ènìyàn. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ tìrẹ wọlé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fi awò sójú, mo bá Tùmí lọ sí Ìbàdàn, mo sì wo àwòrán ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú wọn kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Àbàjà mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo ti ń rí láti ìgbà tí ojú mi ti là sáyé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dán bí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ti wo òkè lápá òsì, mo rí ọkọ̀ òfuurufú aṣọ mi, ó hàn kedere. Ọkọ̀ tí kò fò rí láyé ni ẹ̀rọ náà rántí, ó gbàgbé ilà ojú ìyá rẹ Àwẹ̀ní. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà lókè òkun tí mo sì rí obìnrin yẹn, èmi náà yóò sọ pé kì í ṣe òun. O kò ṣe àṣìṣe, ọmọ mi. Ojú rẹ ríran.

A rò pé fóònù yóò tún un ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, a gbé ìyá rẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba fóònù ní Ọ̀yọ́. Orúnkún wọn wú, èmi àti dírẹ́bà ló gbé wọn wọ mọ́tò. Ìwọ náà mọ bí ó ti parí. Okùn náà ń ké ṣììì bí epo gbígbóná. Wọn kò tíì di nǹkan yẹn mú rí láyé wọn, wọ́n gbé e jìnnà sí etí, wọ́n sì rò pé ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kí ọ bí ẹni ń kí àlejò, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Olúwa yóò fún yín lágbára." Eyín iwájú méjì tí ó ká lẹ́yìn tí o lọ kò jẹ́ kí ohùn wọn jọ ti tẹ́lẹ̀. Kí n tó gbà á lọ́wọ́ wọn, okùn ti já. Tùmí ní fóònù náà ń fún ohùn ènìyàn pọ̀ kó lè gba inú wáyà kọjá. Bí a bá ti fún ojú pọ̀, tí a tún fún ohùn pọ̀, kí ló wá kù tí ọmọ yóò fi mọ ìyá?

Nígbà tí a ń padà bọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó dé ibi tí n kò fẹ́ rò ó dé. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ló jẹ̀bi. Ká ní a kò purọ́ fún ọ rí, ò bá ti sọ pé "àwòrán yìí bàjẹ́", ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí. Lọ́dún 1991, nígbà tí bàbá rẹ kú, èmi ni mo kọ lẹ́tà tó sọ fún ọ pé bàbá rẹ ń kí ọ, pé àyà ló kàn ń dùn wọ́n díẹ̀. Oṣù méjì ni a ti sin wọ́n ní ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Àwọn àgbà ilé ní o ń ṣe ìdánwò, pé a kì í fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kan ẹni tó dá wà lájò, tí kò sí ẹni tí yóò dì í mú bó bá ṣubú. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́, nínú ìsọ̀ yìí kan náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn dé ọdún mẹ́wàá. N kò bẹ̀ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí, mo kàn ń dọ́gbọ́n yí i ká. Mo bẹ̀ ọ́ lónìí. Dárí jì mí. Ó dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ẹ̀rọ fótò, mo tún lọ bá ìyá rẹ. Mo na aṣọ ẹ̀yìn fótò mi sẹ́yìn wọn. Tùmí, tó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, wò mí, ó ní kí n jọ̀wọ́ kó aṣọ yẹn kúrò, pé òdòdó àti àtẹ̀gùn yẹn ló ń jẹ oúnjẹ tí ó yẹ kí ojú ìyá jẹ. Ó ní kí n ya ojú nìkan, kó kún inú fótò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ògiri lásán. Mo kọ̀. Mo ní ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò gé ẹsẹ̀ àgbàlagbà kankan kúrò rí, n kò sì ní ti orí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ìyá rẹ jókòó sáàárín wa pẹ̀lú aṣọ òkè wọn. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n ní, "Ayọ̀rìndé, ṣé ẹsẹ̀ mi ni Amos fi ń dá mi mọ̀ ni?"

Mo ká aṣọ mi. N kò ní purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi díẹ̀, nítorí bí a bá sọ pé ohun tí a ti ń gbé kiri láti ìgbà èwe kò wúlò mọ́, ó ń dun àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níwájú ògiri funfun ilé bàbá rẹ, ọwọ́ mi padà mọ iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti iwájú wá yóò pa ilà rẹ́. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé yóò fi òjìji sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò kọ́ mi nìyẹn, ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Mo dúró de oòrùn títí tó fi yí sí ẹ̀gbẹ́. Ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ bí poro oko ìgbà òjò. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àná ni Tùmí fún un pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, awò mi wà lójú mi, mo sì jókòó tì í. Kò fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò fún un díẹ̀, yóò ní kí n wò ó, èmi yóò ka ilà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ọ̀tún àti òsì, èmi yóò ní kó máa lọ. Nígbà tí ìkẹta apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, mo kígbe, ó sì dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Kílóbáìtì mẹ́rìnlá ni, kò tó iye tí Josephine ní kí a má kọjá. Àwòrán náà fúyẹ́, ìyá rẹ sì pé nínú rẹ̀. Ó ti wà lórí ojú-ewé náà báyìí. A ó tún àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yòókù yà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní gbé aṣọ lọ.

Síbẹ̀ mo mọ̀ pé o lè sọ pé fótò àtijọ́ ni mo wá jáde. Oníṣẹ́ fótò ni mí, mo sì ti purọ́ fún ọ rí. Nítorí náà, lówùúrọ̀ yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo bẹ ìyá rẹ pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láyé yìí àyàfi ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n bó ẹ̀gúsí tó kún ọwọ́ kan. Wọ́n wá ní kí n bi ọ́ léèrè àpá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ.

Mo ní gbogbo wa mọ ìyẹn, pé orí igi ọsàn lo ti já bọ́ ní oko Fìdítì, tí ẹ̀gún fi ya ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí ọsàn, kò sí ẹ̀gún. Wọ́n ní ọmọ ọdún méje ni ọ́. Bàbá rẹ, tó jẹ́ olùkọ́ni ìjọ, ti sọ pé abẹ kò ní kan ọmọ òun kankan lójú. Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn wọlé tí àwọn bá ọ níwájú dígí pẹ̀lú abẹ tí àwọn fi ń gé èékánná, o ti kọ ilà kan, o ti kọ ìkejì dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ sì ti dé àyà rẹ. O kò sunkún. Wọ́n bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. O ní ọjọ́ tí àwọn bá mú ọ lọ sí ọjà Ìlorà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń wà níbẹ̀. O ní, "Bí mo bá sọnù, kí ẹni tó bá rí mi lè mọ ìyá tó ni mí." Wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀ ọ́, wọ́n sì pa irọ́ igi ọsàn fún bàbá rẹ kó má bàa nà ọ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi pa á mọ́, wọn kò sọ ọ́ fún èmi àbúrò wọn.

Mo gbé gègé sílẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́ dé ibí yìí, mo jáde lọ dúró lẹ́bàá wọn díẹ̀, kí n tó padà wọlé.

Amos, o ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹni tó kú kò lè sọ ìyẹn fún mi. Jọ̀wọ́, dá àyè inú ọkọ̀ yẹn padà. Dúró títí wọn yóò fi pè ọ́, kí o gba ìwé rẹ, kí o sì wá wálé ní gbangba bí ọmọ tó ní ilé níbí tó sì ní ọ̀nà lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ ní àwọn kò kánjú. Wọ́n ní àwọn ti dúró fún ọdún mọ́kànlá, oṣù mélòó kan kò ní pa àwọn. Mo sì ṣe ìlérí kan fún ọ, èyí tó wúwo jù nínú ìwé yìí: bí ọjọ́ náà bá dé, nítorí yóò dé fún gbogbo wa, èmi tàbí Tùmí yóò sọ ọ́ fún ọ ní ọjọ́ náà gan-an, lọ́rọ̀ kan, láìyí i ká. A kò ní fún òtítọ́ pọ̀ mọ́.

Tùmí yóò fi ẹ̀rọ da àwọn ojú-ìwé yìí kọ, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ lónìí kí o lè rí ọwọ́ ìwé mi. Èyí tí mo fi gègé kọ gan-an yóò tẹ̀ lé e nípa ìfìwéránṣẹ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ti ẹlòmíràn. Àwọn tí yóò bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ní oṣù kejìlá, ojú rere ni wọn yóò fi wò ọ́. O kò ní sọnù lájò, ojú wa kò sì ní fọ́ kí a tó rí ọ. Àṣẹ.

Èmi ni,
Àbúrò ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ayọ̀rìndé Oníṣẹ́-Fótò.

Ọ̀rọ̀ kù: Mo fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé nígbà tí mo rántí fótò pásípọ́ọ̀tù tí mo yà fún ọ lọ́dún 1988. Èmi ni mo fi pẹ́ńsùlù pa àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ rẹ́ lórí nẹ́gátíìfù rẹ̀, mo rò pé mo ń ṣe ọ́ lóore, o sì ti sọ fún wa bí ọkùnrin ibi ìwé ìrìnnà ṣe wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Nẹ́gátíìfù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ pẹ́ńsùlù náà kúrò nísinsìnyí, mo sì ti tẹ fótò tuntun jáde lára rẹ̀. Mo fi ọ̀kan sínú àpò ìwé yìí fún ọ, mo sì fún ìyá rẹ ní èkejì. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lára, wọ́n ní: "Ilà kan àti ààbọ̀. Ó tó mi í fi dá a mọ̀."